Sol-fa inú ìwé akọrin wa: irinṣẹ́ tí wọ́n rọ fún ọmọ abúlé láyé Ọbabìnrin Victoria

Ẹni tó bá ti wọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rí ti mọ ìwé yẹn. Kò sí ìlà márùn-ún lórí ẹ̀, kò sí àmì olórí-dúdú tó rọ̀ mọ́ ìlà. Lẹ́tà wẹ́wẹ́ ló kún un: d, r, m, f, s, l, t, pẹ̀lú kólọ́ọ̀nù àti dáàṣì láàárín wọn. Ọ̀gá akọrin á ní kí ẹ kọ sol-fa ẹ̀ ná, kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè pé níbo ni ìwé yìí ti wá, ẹ ó rí i pé àríyànjiyàn á bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan á ní ti àwọn tí kò mọ orin kà ni, pé ẹni tó bá mọ̀wé orin gan-an, orin onílà márùn-ún ló ń kà, èyí tí wọ́n ń pè ní staff. Àwọn mìíràn á fi gbogbo ẹnu sọ pé Yorùbá ló ni ín, ṣebí dò-re-mí ni wọ́n fi kọ́ wa ní àmì ohùn nílé ìwé.

Àwọn méjèèjì ló ṣìnà díẹ̀. Irinṣẹ́ ni sol-fa. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rọ ọ́, ayé Ọbabìnrin Victoria, tó jọba láti 1837 sí 1901, ló sì ti gbilẹ̀. Irú ọmọ kan ni wọ́n rọ ọ́ fún: ọmọ tálákà, ọmọ tí kò sí dùùrù nílé bàbá ẹ̀. Tí a bá mọ bí ayé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe rí, ohun tó dà bí àdììtú nínú ìwé akọrin wa á tú fúnra ẹ̀.

Irú ọmọ wo là ń wí?

Ọmọ alágbàṣe oko, ọmọ ahunṣọ, ọmọ awakùsà. Títí di 1880, kò sí òfin tó kan gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales pé ọmọdé gbọ́dọ̀ lọ sílé ìwé. Òfin ọdún náà sọ pé láti ọmọ ọdún 5 títí dé 10 ni dandan. Kó tó dìgbà náà, ọmọ ọdún mẹ́jọ lè ti máa lé ẹyẹ lóko olóko, kó máa ṣa òkúta kúrò lórí ebè, kó máa fa ìjánu ẹṣin níwájú ẹni tó ń túlẹ̀. Nínú kòtò èédú, òfin 1842 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fòfin de ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 10, àti gbogbo obìnrin, pé wọn ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú ọmọ yìí lórin, àkókò díẹ̀ ló ní: ọjọ́ Ìsinmi, tàbí ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ara ti rẹ ọmọ. Ohun èlò kò sí. Àwọn ọmọ á pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, sílétì àti ẹfun ni wọ́n fi ń kọ̀wé, ìwé orin sì wọ́n. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí gbogbo ohun tí sol-fa jẹ́ ni ìdáhùn sí i.

Ta ló ń ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì abúlé tẹ́lẹ̀?

Kì í ṣe dùùrù. Ní ọ̀pọ̀ abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará ìlú fúnra wọn ni. Pèpéle onígi kan máa ń wà lókè ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ní apá ìwọ̀ oòrùn, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ olórin máa ń jókòó sí: fáyólìn kan tàbí méjì, gòjé ńlá tí wọ́n ń há sáàárín orúnkún, kláríńẹ́ẹ̀tì, fèrè, àti nígbà mìíràn fèrè gígùn kan tó lọ́ bíríbírí, tí wọ́n kúkú sọ ní Ejò. Onísọ̀nà bàtà, mọlémọlé àti alágbàṣe ni wọ́n. Àwọn ọmọkùnrin wọn ló ń kọ ohùn òkè títí ohùn á fi là, kí wọ́n tó gba ohun èlò lọ́wọ́ bàbá.

Orin kì í sinmi sí ṣọ́ọ̀ṣì níkan. Ìwé kan náà tí bàbá fọwọ́ da orin Dáfídì kọ sí láti iwájú, ó lè yí i padà kó máa da orin ijó kọ sí i láti ẹ̀yìn. Ẹni tó lu gòjé fún Ọlọ́run láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi náà ló máa lù ú níbi ìgbéyàwó. Thomas Hardy, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí ní abúlé Higher Bockhampton ní ẹkùn Dorset lọ́dún 1840, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ló ti jáde. Bàbá ẹ̀ àti bàbá bàbá ẹ̀ jẹ́ olórin ṣọ́ọ̀ṣì Stinsford, òun náà sì ń tẹ̀ lé bàbá ẹ̀ lọ lu fáyólìn níbi ijó abúlé láti kékeré. Ẹni tó bá mọ ilé Àyàn á mọ ohun tí mò ń sọ: ọmọ kò lọ sílé ìwé orin, inú orin ni wọ́n bí i sí.

Àléébù ètò yìí kò fara sin. Awọ ìfun ẹran ni okùn gòjé ìgbà yẹn, ọ̀rinrin ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta sì máa ń dẹ̀ ẹ́ tàbí kó já a. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni pé ọmọ tí bàbá ẹ̀ kì í ṣe olórin, ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí. Ẹni tó ní ìwé àti ohun èlò nílé ló ní ìmọ̀.

Kí ló lé wọn kúrò lórí pèpéle?

Láàárín ọdún 1830 sí 1870 tàbí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wọ̀nyí tú ká. Àwọn àlùfáà tuntun fẹ́ ìsìn tó tòrò, inú wọn ò dùn sí àwọn olórin tó ń ṣe tinú wọn lókè pèpéle. Lẹ́yìn náà ni harmonium dé láti ilẹ̀ Faransé láàárín ọdún 1840 sí 1850, dùùrù kékeré tí ẹsẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn sí nínú. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tẹ̀ ẹ́, ó sì sábà máa ń jẹ́ tíṣà tàbí ọmọbìnrin àlùfáà. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan tiẹ̀ ra dùùrù onírọ́lù, tí èèyàn kàn ń yí ọwọ́ ẹ̀ bí ẹní ń lọ ata. Iye orin tí wọ́n bá ti kàn mọ́ ara rọ́lù náà nìkan ló lè kọ. Ti Stinsford tú ká ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1840, Hardy ò tíì ju ọmọ ọwọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ wá di pé gbogbo ìjọ ni kó máa kọrin. Ṣùgbọ́n ta ló máa kọ́ wọn?

Ta ló kọ́kọ́ fi lẹ́tà dípò ìlà?

Obìnrin kan ni: Sarah Glover, ọmọ àlùfáà ní ìlú Norwich, tí wọ́n bí lọ́dún 1786. Orúkọ dò, re, mí fúnra wọn ti wà tipẹ́. Guido ará Arezzo ní Ítálì ti fi irú wọn kọ́ àwọn akọrin ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ohun tí Glover ṣe ni pé ó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ náà sílẹ̀, ó sì fi í ṣe ìwé orin fúnra ẹ̀. Ìdíwọ́ kan wà: sol àti si, lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó bá yí si padà sí te. Ibẹ̀ ni t inú ìwé wa ti wá. Ó kó ètò ẹ̀ jáde nínú ìwé lọ́dún 1835, ó sì ya àwọn ohùn náà bí àkàbà, ọ̀kan lórí èkejì, kí ọmọ lè fojú rí ibi tí ohùn ẹ̀ ń gùn.

Lọ́dún 1841, àwọn olùkọ́ ilé ìwé ọjọ́ Ìsinmi pàdé ní ìlú Hull, wọ́n sì bẹ ọ̀dọ́ àlùfáà kan pé kó bá wọn wá ọ̀nà tó rọrùn jù tí wọ́n lè fi kọ́ àwọn ọmọ lórin. John Curwen lorúkọ ẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Ẹ̀rín wà níbẹ̀: òun gan-an kò mọ orin kà dáadáa. Ó dà bíi pé ìyẹn ló ràn án lọ́wọ́ jù, torí ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìwé Glover ló fi kọ́ ara ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún un tò, ó fi kólọ́ọ̀nù àti dáàṣì sí i láti fi ka àkókò, ó sì tẹ̀ ẹ́ lówó pọ́ọ́kú. Kì í ṣe gbogbo àyípadà náà ni Glover fẹ́, ṣùgbọ́n ti Curwen ló tàn kálẹ̀.

Kí ló túmọ̀ sí pé dò ń ṣípò?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sọ nù, bẹ́ẹ̀ àwa Yorùbá ló yẹ kó tètè yé jù.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ̀nyí: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Bàbá àgbà tí ohùn ẹ̀ ń dún bíi bẹ̀ǹbẹ́ lè sọ pé kí wọ́n gbé ọkọ́ fóun. Ọmọ ọdún mẹ́rin náà lè fi ohùn tín-ín-rín sọ ọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ ọmọ yẹn lè ga ju ohùn òkè bàbá lọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa wa ọkọ̀ wá fún èyíkéyìí nínú wọn. Kì í ṣe bí ohùn ṣe ga tó ni etí wa ń wá, bí kò ṣe bó ṣe ga ju èkejì ẹ̀ lọ. Gángan kékeré àti ìyá ìlù náà lè pe oríkì kan náà, a ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni d ṣe rí nínú sol-fa. Kì í ṣe orúkọ ohùn kan pàtó lára dùùrù. Ilé ni d jẹ́, ibi tí orin ti ń gbéra, tó sì ń padà sí. Lẹ́tà A dé G ni wọ́n fi ń pe àwọn ohùn ti dùùrù. Tí ilé náà bá wà ní C, d wà ní C. Tí ọ̀gá akọrin bá ní orin ti ga jù fún wa, kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí A, d bá a lọ síbẹ̀, gbogbo ẹbí ẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Kò sí lẹ́tà kan tó máa yí padà nínú ìwé. Nínú orin onílà márùn-ún, ńṣe ni gbogbo àmì máa ṣí kúrò níbi tí wọ́n wà.

Lọ́dún 1841 kan náà, John Hullah ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ńlá fún àwọn tíṣà ní London, tó jẹ́ pé dò ti dúró sójú kan: C ni títí ayé. Níwọ̀n ìgbà tí orin bá wà ní C, ó dùn. Bó bá ti kúrò níbẹ̀, ilé á di re tàbí fa, ọmọ tó ti mọ̀ pé dò ni ilé á wá máa wá ibi tó máa wọ̀. Tèmi ni pé ọ̀rọ̀ yìí nìkan ti tó láti ṣàlàyé ìdí tí ti Curwen fi borí ti Hullah láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mú ohùn láìsí dùùrù?

Irin kékeré kan tó yà sí méjì bíi fọ́ọ̀kì ni. Èyí tí àwọn oní-sol-fa ń lò, C òkè ló ń dún. Ká ní orin wà ní G. Ẹ lu irin náà mọ́ orúnkún, ẹ gbé e sétí, kí ẹ sì fi imú kọ ohùn tó ń dún. Ẹ pe ohùn náà ní d òkè, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀: d, t, l, s. Ẹ dúró lórí s yẹn. G nìyẹn. Ẹ wá yí orúkọ ẹ̀ padà láìyí ohùn ẹ̀ padà, ẹ pè é ní d, kí ẹ sì kọ d, m, s kí ilé lè dúró létí gbogbo akọrin. Tó bá jẹ́ F ni orin wà, ẹ sọ̀ dé f kí ẹ tó yí orúkọ padà.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣi í ni ìyípadà orúkọ yẹn. Ẹni tí kò bá dúró díẹ̀ lórí s kó tó pè é ní d á ti yẹ̀ kúrò lórí ohùn náà kí orin tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ni kólọ́ọ̀nù àti dáàṣì ń sọ?

Lẹ́tà ń sọ ohùn, àmì ń sọ àkókò. Bíìtì ni ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹsẹ̀ yín bá lu ilẹ̀. Ẹ wo ìlà kékeré yìí, oníbíìtì méjì-méjì:

| d :r | m :– | f .m :r | d : ||

Ìlà tó nà gbọọrọ ń sọ pé bíìtì tó wúwo ló ń bọ̀, àárín ìlà méjì ni mò ń pè ní yàrá. Kólọ́ọ̀nù ń sọ pé bíìtì fúyẹ́ ló ń bọ̀. Nítorí náà d gba bíìtì kan, r gba kan. Nínú yàrá kejì, m bẹ̀rẹ̀, dáàṣì sì ní kó máa lọ: bíìtì méjì ló gbà. Nínú yàrá kẹta, àmì ìdánudúró gé bíìtì kan sí méjì ọgbọọgba, f gba ìdajì, m gba ìdajì, r wá gba bíìtì kan tirẹ̀. Nínú èyí tó kẹ́yìn, d gba bíìtì kan, lẹ́yìn kólọ́ọ̀nù kò sí nǹkan kan. Àyè òfìfo, ẹ dákẹ́ ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ wà níbẹ̀ yẹn: dáàṣì ní kí ohùn máa lọ, àyè òfìfo ní kí ohùn dá. Ẹni tó bá da ìwé kọ tó fo dáàṣì kan ti sọ gbogbo soprano, àwọn olóhùn òkè, di odi fún bíìtì kan.

Kọ́mà náà ní wàhálà tiẹ̀. Láàárín bíìtì, ó ń gé e sí ìdá mẹ́rin, bíi d .,r, níbi tí d ti gba ìdá mẹ́ta tí r sì gba ìdá kan. Ṣùgbọ́n àmì kékeré tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà, tó ń sọ pé ohùn náà wà ní ìsàlẹ̀ ilé, kọ́mà náà ni àwọn èèyàn fi ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù: s,. Ẹ wo ibi tó lẹ̀ mọ́. Tó bá lẹ̀ mọ́ lẹ́tà tó ṣáájú ẹ̀, ìsàlẹ̀ ni; tó bá wà níwájú lẹ́tà tó ń bọ̀, àkókò ni. Ti òkè, àmì kékeré ló máa ń wà lókè lẹ́tà: d'.

Ìdí mìíràn tún wà tí sol-fa tí a ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp fi máa ń dojú rú. Ohùn mẹ́rin ló wà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ to léra wọn lórí kí kólọ́ọ̀nù alto wà lábẹ́ ti soprano gẹ́lẹ́. Lẹ́tà m gbòòrò ju l lọ lórí fóònù, nítorí náà ìlà á yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tẹ́nọ̀ á fi máa kọ yàrá tó yàtọ̀ sí ti béèsì. Ẹ fi táábù tàbí àpótí onílà tò ó, tàbí kẹ́ ẹ lo irú lẹ́tà tí gbogbo ẹ̀ gbòòrò bákan náà.

Báwo ni tíṣà kan ṣe ń fi í kọ́ àádọ́ta ọmọ?

Àtẹ ńlá kan ló ń so mọ́ ògiri, àkàbà Glover tí Curwen tún ṣe, tí wọ́n ń pè ní modulator: d nísàlẹ̀, r lókè ẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ dé d òkè. Tíṣà kì í kọrin pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ó máa kọ gbólóhùn kékeré kan, wọ́n á gbà á. Lẹ́yìn náà ló máa dákẹ́, tí yóò fi ọ̀pá tọ́ka sí àtẹ náà láti ohùn dé ohùn, wọ́n á sì máa kọ ohun tí ọ̀pá bá bà.

Kò bẹ̀rẹ̀ láti d, r, m bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ìgbésẹ̀ kìíní ni d, m, s, ohùn mẹ́ta tó máa ń bára wọn dún dáadáa, tó sì rọrùn fún etí láti dì mú. Lẹ́yìn ìyẹn ni t àti r, tó rọ̀ mọ́ s. Ìgbà tí wọ́n bá ti mọ ìwọ̀nyẹn ni f àti l á wá dé. Curwen tún fún ohùn kọ̀ọ̀kan ní ìwà: d ń dúró ṣinṣin, m tòrò, s ń tàn bí ìmọ́lẹ̀, l ń kédàárò, t ń fẹ́ gòkè lọ sílé, f ń fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sórí m.

Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1870, ó fi ọwọ́ sí i. Ìkúùkù ni d. Àtẹ́lẹwọ́ tó dojú kọlẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni m. Ìka ìlábẹ̀ tó na sókè ni t, àtàǹpàkò tó dojú kọ ilẹ̀ ni f, ọwọ́ tó rọ̀ wá sílẹ̀ ni l. Ẹ ó ti rí ọwọ́ wọ̀nyí nínú fídíò orin àwọn ọmọdé, tí wọ́n máa ń pè é ní ti Kodály. Ará Họ́ńgárì ni Kodály, ní ọ̀rúndún ogún ló gbà á lò. Ọwọ́ Curwen ló ti wá.

Wọ́n tún ń dán etí wò. Tíṣà á kọ ohùn mẹ́ta láìdárúkọ wọn, ọmọ á kọ lẹ́tà wọn sórí sílétì. Ìwé ẹ̀rí wà fún un, ìpele lórí ìpele, ọmọ alágbàṣe sì lè gbà á.

Kí ni owó ìjọba fà níbẹ̀?

Ó fà púpọ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn ń fún ilé ìwé lówó gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ bá ṣe ṣe dáadáa sí níwájú alábòójútó. Láti 1882, ilé ìwé tí àwọn ọmọ ẹ̀ bá ń kọrin ní àgbọ́kọ lásán á gba sísì kan lórí ọmọ kan. Tí wọ́n bá lè fi ojú ka orin lórí ìwé, ṣílè kan ni. Ilé ìwé abúlé tó ní 60 ọmọ á gba pọ́n-ùn kan ààbọ̀ fún àgbọ́kọ, pọ́n-ùn mẹ́ta fún kíkà. Ìjọba ò sọ pé sol-fa tàbí ìlà márùn-ún ni dandan. Tíṣà tó ń wá ṣílè yẹn kò ní ju ẹ̀ẹ̀kan rò ó lọ.

Ṣé orin ọmọdé nìkan ni?

Rárá. Ní àwọn àfonífojì èédú gúúsù Wales, sol-fa wọ ilé ìsìn débi pé àwọn ọ̀dọ́ awakùsà tó ti inú kòtò jáde lálẹ́ ń kọ iṣẹ́ ńláńlá olóhùn mẹ́rin. Lọ́dún 1872, ẹgbẹ́ akọrin kan láti ibẹ̀ tó lé ní 400 èèyàn wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi ìdíje orin ní Crystal Palace, gbọ̀ngàn ńlá kan ní London. Caradog ló ṣáájú wọn, ẹni tó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò jáde bá wọn díje lọ́dún náà, ẹnu sì ń kùn wọ́n. Wọ́n padà lọ ní 1873, wọ́n bá ẹgbẹ́ mìíràn díje, wọ́n sì tún borí.

Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ohun èlò ńkọ́?

Fèrè onídẹ ló gbà wọ́n. Adolphe Sax ní Paris ṣe irú kan tó ní bọ́tìnnì mẹ́ta láàárín àwọn ọdún 1840, ìdílé olórin kan tó ń jẹ́ Distin sì gbé e wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Abúlé tó ní ilé iṣẹ́ òwú tàbí kòtò èédú bẹ̀rẹ̀ sí í ní ẹgbẹ́ tiẹ̀. Èyí tó lókìkí jù, Black Dyke, láti abúlé Queensbury ní Yorkshire ni, nígbà tí olówó ilé iṣẹ́ aṣọ onírun ẹran ibẹ̀, John Foster, ra ohun èlò fún wọn lọ́dún 1855. Ní 1853 ni ìdíje ńlá wọn bẹ̀rẹ̀ ní Belle Vue, ní Manchester.

Ọgbọ́n inú fèrè yìí bá ti sol-fa mu. Láìtẹ bọ́tìnnì kankan, ètè nìkan lè mú d, s, d òkè, m àti s òkè jáde. Bọ́tìnnì kejì ń rẹ ohùn sílẹ̀ ní ìdajì ìgbésẹ̀, ìkíní ní odidi, ìkẹta ní ọ̀kan ààbọ̀. Àpapọ̀ wọn ló ń dí àlàfo tó kù. Wọ́n sì ń kọ orin gbogbo fèrè náà bákan náà, láti èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi bí ìkòkò, àyàfi trombone olóhùn ìsàlẹ̀. Tí ẹni tó ń fun èyí tó tóbi bá kó lọ sí abúlé mìíràn, ọmọ tó ń fun èyí tó kéré lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ láìkọ́ ìka tuntun kankan. Dò tó ń ṣípò náà nìyẹn, inú idẹ ló kàn wà.

Níbo ni agbára sol-fa mọ?

Fún ohùn èèyàn, ó dára. Fún ìka lórí dùùrù, ó ń dani láàmú, torí dùùrù ò mọ̀ pé ilé ti ṣí. Bọ́tìnnì C, C náà ni. Tí orin bá wá kúrò ní ilé kan lọ sí òmíràn láàárín ọ̀nà, ìwé gbọ́dọ̀ sọ ọ́: lẹ́tà kékeré kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà ńlá, bíi s kékeré níwájú d, èyí tó túmọ̀ sí pé ohùn tí ẹ̀ ń pè ní s, láti ìsinsìnyí lọ d ni. Akọrin tó bá ka méjèèjì bí ohùn méjì ti bà á jẹ́. Tí f bá gòkè díẹ̀, fe ni. Tí t bá rẹ̀ sílẹ̀, ta ni. Nígbà tí orin bá kún fún irú wọn lọ súà, ẹni tó ń ka ìlà márùn-ún á rọrùn ju ẹni tó ń ka lẹ́tà lọ. Curwen fúnra ẹ̀ kà á sí ọ̀nà tó máa gbé èèyàn dé orí ìlà márùn-ún. Ọ̀pọ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà náà, wọn ò lọ mọ́.

Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, kí ló sì kan àmì ohùn?

Lẹ́tà lásán ni, nítorí náà ilé ìtẹ̀wé èyíkéyìí tó lè tẹ Bíbélì lè tẹ sol-fa. Àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn tíṣà wọn gbé e kárí ayé, ó sì wọ ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Yorùbá. Ibẹ̀ ni ìṣòro tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò ní ti yọjú. Orin Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí máa ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀. Tí ohùn orin bá gùn láti r lọ sí s lórí "ọkọ̀", ọkọ̀ Nóà ti di ọkọ́ Nóà nìyẹn. T. K. Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì l'Ékòó láti 1914 sí 1962, wà lára àwọn tó dúró lé e pé kí orin Yorùbá máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀.

Dò-re-mí tí a fi ń pe àmì ohùn wá ńkọ́? A yá orúkọ náà lò ni, torí ohùn ìsàlẹ̀, àárín àti òkè ń gun ara wọn bíi lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe d, r, m orin. Láti dò dé mí nínú ọ̀rọ̀ lè jìn ju d sí m lọ, ó sì lè má tó o, ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Mí tó wà ní ìparí gbólóhùn gígùn kì í sì í ga tó mí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, torí dò tó bá wà láàárín wọn máa ń fa ohùn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń ṣe orin tuntun sí ọ̀rọ̀ Yorùbá lè fi d àti s, tàbí r àti l, dípò dò àti mí. Kó ṣáà ti gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti gòkè, kó sì sọ̀ níbi tó ti sọ̀. M ti orin ní tiẹ̀, ibi tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ náà ló gbọ́dọ̀ wà ní ìlà tó kẹ́yìn. Tó bá ti ń rẹ̀ sílẹ̀, akọrin ló ń já wálẹ̀: ẹ dá orin dúró, ẹ lu irin yẹn mọ́ orúnkún lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì wá d yín padà.